Ibi Tí Abẹ́rẹ́ Ń Gbé

Lẹ́tà náà dé lọ́jọ́ kẹtàdínlógójì lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá Abẹ́rẹ́. Kì í ṣe pé Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ń ka ọjọ́. Màmá Tíṣà, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló ń fi gègé pupa sàmì sára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná, nítorí obìnrin tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n pe orúkọ ọmọ iléèwé láràárọ̀ kò lè rí ọjọ́ kó má máàkì í.

Abẹ́rẹ́ kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà. Télọ̀ ni ìyá rẹ̀, láti kékeré ló sì ti máa ń jókòó sábẹ́ tábìlì ìránṣọ, tí yóò máa ṣa abẹ́rẹ́ tó bá já bọ́. Òun náà wá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ohun tó ń ṣà. Nígbà tó dàgbà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fún àyẹ̀wò, àwọn aládùúgbò ní orúkọ ti rò ó, pé ọmọ télọ̀ kúrò nídìí abẹ́rẹ́ aṣọ, ó bọ́ sídìí abẹ́rẹ́ ẹran ara. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ohun tó ti ń lé láti ọjọ́ pípẹ́ ni kó di dókítà.

Ibi iṣẹ́ ló ti ka lẹ́tà náà lórí fóònù, láàárín aláìsàn kẹfà àti ìkeje láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti ìpínlẹ̀ ló kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti rí fọ́ọ̀mù rẹ̀, máàkì ìdánwò rẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn fi hàn pé kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ yìí, pé ìpínlẹ̀ òdìkejì odò ló ń gbé, lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó mú ẹ̀rí wá kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn á kà á mọ́ àlejò.

Ọ̀rọ̀ àlejò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ náà ń gbà lọ́dún, àádọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀. Mẹ́wàá tó kù ni gbogbo ayé ń jà lé lórí.

Abẹ́rẹ́ kà á tán, ó ti fóònù bọ àpò, ó pe ẹni keje. Bàbá arúgbó kan ni, iṣan apá rẹ̀ ń yọ̀ sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ awọ. Abẹ́rẹ́ mú un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ọmọ yìí, mi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára," ni bàbá náà wí.

Abẹ́rẹ́ ní kó tẹ òwú mọ́ ọn. Òun náà kò mọ nǹkan kan lára. Bó ṣe wà nìyẹn láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú: ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ń rìn, ẹnu ń dáhùn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí oníṣègùn eyín gún lábẹ́rẹ́, téèyàn á fọwọ́ kàn án tí yóò dà bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, áyọ́ọ̀nù jó o lọ́wọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹnì kan níbi iṣẹ́ kígbe pé kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́, ló tó rí i pé ó ti lé ròrò. Kò sunkún níbi ìsìnkú. Àwọn kan ní ọmọ náà lọ́kàn. Àwọn kan sọ nǹkan mìíràn.

Nígbà tó délé, ó gbé fóònù fún Màmá Tíṣà. Màmá Tíṣà ti kó wá sínú ilé náà láti ìgbà ìsìnkú, ó ní òun ò lè fi ọmọ àbúrò òun sílẹ̀ lòun nìkan pẹ̀lú máṣíìnì ìránṣọ. Ó wọ awò ojú, ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wá gègé pupa rẹ̀ kó tó rántí pé orí fóònù ni.

"Àkọ́kọ́ ná, wọ́n ṣi 'gbọ́dọ̀' kọ," ó wí. "Ìkejì, ta ni wọ́n ń pè lálejò? Ìwọ tí mo fọwọ́ ara mi fà lọ síléèwé ní òpópó kejì sí ibí? Tí o jáwọ́ lọ́wọ́ mi, tí o sá padà wá sábẹ́ tábìlì ìyá ẹ? Ṣé wọ́n mu nǹkan ni?"

"Wọ́n ní ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mò ń gbé."

Màmá Tíṣà bọ́ awò ojú. 

"Bàbá wo?"

Lọ́jọ́ kejì, Abẹ́rẹ́ tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó lọ sí ọ́fíìsì tó ń yanjú ọ̀rọ̀ ibùgbé. Àjà kejì ló wà, lórí ibi tí wọ́n ti ń san owó iná, nítorí náà ìlà àwọn tó ń bínú sí owó iná gba orí àtẹ̀gùn kọjá, èèyàn sì ní láti máa wí pé "ẹ gbà mí láyè, iná kọ́" títí yóò fi dókè. Àga mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, wáyà ni wọ́n fi so ẹsẹ̀ ọ̀kan. Akọ̀wé tó pè é wọlé jẹ́ obìnrin tó ti tó ìyá í ṣe, ó ti pẹ́ńsù bọ inú irun, ó to bàtà iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ jókòó. Kì í ṣe èyí tí wọ́n so yẹn o. Fáìlì yín rèé. Ẹ jẹ́ ká jọ kà á, kẹ́ ẹ má bàa rò pé orí ara mi ni mo ti ń hun ún."

"Ẹ ṣé, mà."

"Òfin ní ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní, ẹni tó bá ti gbé ìpínlẹ̀ yìí fún oṣù méjìlá gbáko kí fọ́ọ̀mù tó tì, ọmọ ìpínlẹ̀ ni. Ìgbà wo lẹ̀yin padà dé?"

"Ó ti pé oṣù mẹ́jọ."

"Kí ló gbé yín lọ?"

"Yunifásítì, ọdún mẹ́rin. Mo wá ṣiṣẹ́ ọdún kan níbẹ̀. Nígbà tí àìsàn màmá mi le, mo padà wálé."

"Oṣù mẹ́jọ kì í ṣe méjìlá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Akọ̀wé wo ojú rẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lára kí àwọn èèyàn máa jiyàn ní irú ibi yìí. Ó ṣí ojú ìwé.

"Ọ̀nà kejì, ẹni tí òbí rẹ̀ bá ń gbé ìpínlẹ̀ yìí, tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ló gbé e jáde, ọmọ ìpínlẹ̀ ṣì ni, ì báà lọ títí dé ìpẹ̀kun ayé. Èyí ì bá gbà yín. Àmọ́ wọ́n kọ ọ́ síbí pé ìyá yín…" Ó gbé ojú kúrò lórí fáìlì. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìgbà wo ni?"

"Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí fọ́ọ̀mù tì."

"Ta ló sọ fún wa?"

"Èmi ni. Ẹ ní tí ohunkóhun bá yí padà, ká wọlé lọ tún un ṣe. Mo wọlé, mo tún un ṣe."

Akọ̀wé fa pẹ́ńsù yọ nínú irun, ó tún ti í padà. Nínú ẹ̀rọ omi tó wà ní igun, omi pariwo gbùlùgbùlù, ó dákẹ́. Abẹ́rẹ́ ń wò ó. Ó ń retí kó tún pariwo.

"Ọmọ mi, òótọ́ tó o sọ ló kó bá ẹ," ni akọ̀wé wí. Kò mọ ìgbà tí ẹnu òun kúrò lórí 'ẹ' bọ́ sórí 'o'. "Òfin ní tí òbí kan ò bá sí, ká wo ibi tí òbí kejì ń gbé. A kọ̀wé sí àwọn agbowó-orí ti òdìkejì. Wọ́n ní láti ọdún méjìlá lo ti ń gbé lọ́dọ̀ bàbá ẹ."

"Ta ló sọ fún wọn?"

"Bàbá ẹ náà ni. Ọdọọdún ló ń kọ ọ́. Wọ́n máa ń dín owó orí kù fún ẹni tí ọmọ bá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Mi ò sun ilé bàbá mi rí." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ìwọ̀n bàtà rẹ̀ fún oníbàtà.

Akọ̀wé ní ìwé méjì ló lè yọ ọ́. Ìkíní, kí bàbá rẹ̀ lọ búra nílé ẹjọ́ pé ọmọ náà kò gbé lọ́dọ̀ òun. Ìkejì, ẹ̀rí pé ní gbogbo ọdún tó fi wà lódìkejì odò, ibí yìí nilé, pé ó ń wá.

"Ìwé ìwakọ̀ ńkọ́?"

"Òdìkejì ni mo ti gbà á. Mò ń wa mọ́tò iṣẹ́ níbẹ̀."

"Ìdìbò?"

"Mi ò dìbò."

"Ìwé báǹkì?"

"Òdìkejì."

"Hàà. Ṣé o ò wá fi nǹkan kan sílẹ̀ nílé ni?"

Abẹ́rẹ́ rò ó dáadáa. "Aṣọ mi," ó wí.

Nígbà tó délé tó ròyìn, Màmá Tíṣà bínú débi pé ó ń fọ àwo tó ti mọ́. "Àwa la jẹun, àwa la wọṣọ, àwa la sanwó iléèwé, òun ló wá ń gbádùn orúkọ! Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Èmi ò tilẹ̀ mọ ọwọ́ tí mo lè fi júwe tìẹ." Ṣùgbọ́n nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó fa àpótí kan yọ lábẹ́ ibùsùn, ó sì mú àpò lẹ́tà kan tó ti pọ́n wá. Àdírẹ́sì bàbá Abẹ́rẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni Abẹ́rẹ́ wọ bọ́ọ̀sì. Wákàtí méjì ni. Wọ́n gun afárá, wọ́n kọjá pátákó tó ń kí wọn káàbọ̀ sí ìpínlẹ̀ kejì. Odò kan náà ló wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àwọ̀ kan náà. Obìnrin tó jókòó tì í fún un ní búrẹ́dì, ó gbà á, ó jẹ ẹ́ tán, kò sì lè sọ lẹ́yìn náà bóyá ó ní ṣúgà tàbí kò ní.

Àwọn tó bi léèrè mọ bàbá rẹ̀ dáadáa. Oníyìnyín ni wọ́n ń pè é, nítorí fìríìjì ló ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù wà níwájú, ibi tó ń gbé wà lẹ́yìn. Fìríìjì ńlá kan dojú dé lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ọkùnrin kan ló sì yọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni ọkùnrin náà wí láìgbórí sókè. "Tiyín ò tutù mọ́ ni, àbí ó ń jò?"

"Èmi ni, sà."

Ohùn ìyá rẹ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń wí bẹ́ẹ̀. Sípánà tó ń yí dúró. Ọkùnrin náà dìde díẹ̀díẹ̀, ó fi àkísà nu ọwọ́, ó tún nù ún. Ó ti hu ewú. Ó kúrú ju bí Abẹ́rẹ́ ṣe rántí rẹ̀ lọ, àmọ́ ọmọ ọdún méjìlá ni Abẹ́rẹ́ nígbà yẹn, gbogbo èèyàn ló ga.

"Ṣé o ti jẹun?" ó bi í.

"Mo ti jẹun."

"Mo gbọ́ nípa màmá ẹ. Ó ti pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́. Mo fẹ́ wá." Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bíi pé òun ló dá a dúró. "Mi ò wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó mú un wọlé, ó gbé àga fún un, ó gbé omi tútù wá. Abẹ́rẹ́ yọ lẹ́tà, ó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ní ohùn tó fi máa ń sọ fún aláìsàn pé kí wọ́n má jẹun kí wọ́n tó wá fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò gé e lẹ́nu. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ti Oníyìnyín kò tilẹ̀ tó ogún.

"Wá wò ó," ó wí nígbà tó yá.

Yàrá kékeré kan ló ṣí. Mọ́tọ̀ fìríìjì ló kún ibẹ̀, ọ̀kan lórí ìkejì, àti okùn bàbà tí wọ́n ká bí ejò tó ń sùn, àti àwọn ilẹ̀kùn fìríìjì tí kò ní ara. Láàárín gbogbo rẹ̀, ibùsùn ọmọdé kan wà lẹ́bàá ògiri. Kò sí ẹrù kankan lórí rẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé tìmùtìmù náà láti ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀.

"Nígbà tí èmi àti màmá ẹ kọ ara wa, adájọ́ ní kó o máa wá lo ọlidé ńlá lọ́dọ̀ mi. Mo ra bẹ́ẹ̀dì yẹn lọ́sẹ̀ náà. Nígbà tí ọlidé dé, mi ò wá mú ẹ. Iṣẹ́ ló pọ̀. Ọdún kejì, ojú tì mí pé mi ò wá lọ́dún kìíní. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kan ilẹ̀kùn yẹn." Ó fi ẹsẹ̀ ti okùn bàbà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Àwọn agbowó-orí béèrè pé ṣé ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ṣáà ní yàrá. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń béèrè, lọ́dọọdún ni mò ń dáhùn. Tí mo bá kọ 'rárá', á dà bíi pé mo ti gbà pé o ò ní wá mọ́. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, owó tí wọ́n ń dín kù náà dùn mọ́ mi."

Abẹ́rẹ́ jókòó sétí ibùsùn. Ọ̀rá dún lábẹ́ rẹ̀. Ó ń dúró kí inú bí i. Ó mọ̀ pé ibi tó yẹ kí inú ti bí èèyàn nìyí, bí ẹni tó mọ̀ pé ibi tó yẹ kí bọ́ọ̀sì ti dúró nìyí. Bọ́ọ̀sì náà kò dé.

Bàbá rẹ̀ lóṣòó níwájú rẹ̀. "Gbọ́. Kí ló dé tá ò lè sọ ọ́ di òótọ́? Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn wà níbí náà, fọ́ọ̀mù wọn ò tíì tì. Orúkọ ẹ ti wà ní ojúlé mi fún ọdún méjìlá. Sọ pé ibí lò ń gbé, ó parí. Ọmọ ìpínlẹ̀ ibí ni ẹ́ láàárọ̀ ọ̀la, kò sẹ́ni tó máa wádìí. Màá kó gbogbo panti yìí kúrò."

Ó rọrùn. Abẹ́rẹ́ rí i pé ó rọrùn. Kò ní búra, kò ní padà lọ gun àtẹ̀gùn àwọn tó ń san owó iná, irú iléèwé kan náà ni, ìṣègùn kan náà ni wọn yóò kọ́ ọ. Ó ń rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ó ṣe máa kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù: ó gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ láti ọmọ ọdún méjìlá. Ó rí ìlà náà lójú ara rẹ̀, ó kà á síwá, ó kà á sẹ́yìn.

"Tí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ó béèrè, "ta ló wá tọ́ mi?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni tó ń béèrè aago ló ṣe béèrè. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi sí ibi tí bàbá rẹ̀ lè sá sí.  Nígbà tí Oníyìnyín dìde, orúnkún rẹ̀ dún. Ó lọ wá gègé.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ilé ẹjọ́ ṣí. Abẹ́rẹ́ padà sílé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ó tún wọ bọ́ọ̀sì wá láàárọ̀ Mọ́ńdè, nítorí kò fẹ́ sùn lórí ọ̀rá yẹn, kò sì fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹjọ́, ó wọ kóòtù tó ti fún un láyà. Ìwé tó kọ wà nínú fáìlì kan tó ra tuntun. Ó ti ya méjì dànù kó tó kọ ìkẹta.

Ìlà gùn. Ẹni tó sọ ìwé ìgbéyàwó nù, ẹni tó fẹ́ yí orúkọ padà, ìyá kan pẹ̀lú ọmọ tó ń jẹ bísíkíìtì. Akọ̀wé ìbúra jẹ́ géńdé kan tí ohùn kékeré kò sí lẹ́nu rẹ̀, ó sì jẹ́ àṣà wọn níbẹ̀ pé kí wọ́n ka ohun tí èèyàn fẹ́ búra lé lórí sókè sí i létí.

"Èmi," ni géńdé náà ń kà, tí ògiri ń dáhùn, "tí mò ń tún fìríìjì ṣe, mo búra pé láti ìgbà tí èmi àti ìyá ọmọ mi ti kọ ara wa, ọmọ náà kò gbé lọ́dọ̀ mi rí, àní fún ọjọ́ kan. Ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ nílé tirẹ̀. Ohun tí mo ti ń kọ fún àwọn agbowó-orí láti ọdún méjìlá kì í ṣe òótọ́. Bẹ́ẹ̀ lẹ wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ gbóhùn sókè, bàbá."

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n lè fi èyí pè yín lẹ́jọ́?"

"Mo mọ̀."

Gbogbo ìlà ti yíjú síbẹ̀. Ọmọ tó ń jẹ bísíkíìtì pàápàá dúró. Etí Oníyìnyín pọ́n wá, òógùn sì bo ọrùn rẹ̀ bó ṣe ń tọwọ́ bọ̀wé. Abẹ́rẹ́ ń wo sìtáǹpù bó ṣe balẹ̀ lórí ìwé: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí wọ́n jáde, bàbá rẹ̀ gbé fáìlì náà lé e lọ́wọ́.

"Ó dìgbà," ó wí.

"Ẹ ṣé, sà."

Ó rìn díẹ̀, ó yíjú padà. Bàbá rẹ̀ ṣì dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń gbìyànjú láti dé bọ́tìnì kóòtù tí kò lè dé.

Ìwé kan ti wà nílẹ̀. Ìwé kejì ni kò sí. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Màmá Tíṣà tú gbogbo ilé: wọ́n rí ìwé ìbí, wọ́n rí ìwé àjẹsára, wọ́n rí fọ́tò tí kò ní déètì. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni wọ́n rí, omi sì ti pa ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rẹ́. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Tíṣà ṣí dúrọ́ọ̀ máṣíìnì ìránṣọ, èyí tí kò fẹ́ fọwọ́ kàn láti ìgbà ìsìnkú. Bọ́bììnì wà níbẹ̀, àti ṣọ́ọ̀kì, àti téèpù ìwọ̀nra, àti ìwé ìwọ̀n àwọn oníbàárà, ó nípọn bí bíríkì.

Màmá Tíṣà jókòó, ó ń ṣí i wẹ́wẹ́wẹ́. Lójijì, ó pariwo bí ẹni tí oyin ta.

"Wá o! Wá wo iṣẹ́ ìyá ẹ!"

Ẹ̀yìn ìwé náà ni ìyá rẹ̀ ti ya ojú ìwé mẹ́ta sọ́tọ̀. Orúkọ Abẹ́rẹ́ gan-an, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìwọ̀n: èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá. Ní ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ni déètì. Ìgbàkígbà tí ọmọ náà bá ti yunifásítì tàbí ibi iṣẹ́ wálé, kó tó gbé báàgì sílẹ̀ tán, ìyá rẹ̀ yóò ti fa téèpù yọ, yóò wọ̀n ọ́n láti fi rán aṣọ tí yóò wọ̀ padà. Abẹ́rẹ́ rántí rẹ̀, ó máa ń kùn pé ebi ń pa òun. Ìgbà mẹ́tàdínlógún láàárín ọdún márùn-ún.

Màmá Tíṣà ní òun ń bá a lọ sí ọ́fíìsì, kò sì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ó wọ bàtà tó fi ń lọ sí ìpàdé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Lórí àtẹ̀gùn, ó ní kí àwọn oníná tò sọ́wọ́ kan, wọ́n sì tò.

Akọ̀wé ka ìwé ìbúra lákọ̀ọ́kọ́. Ó gbé ojú sókè wo Abẹ́rẹ́, ó lu ìwé náà ní sìtáǹpù. Ó wá fa ìwé ìwọ̀n náà mọ́ra. Ó fi orí pẹ́ńsù tọ déètì kọ̀ọ̀kan, ó ń fi í wé kàlẹ́ńdà yunifásítì àti ti ọlidé ìjọba lórí kọ̀ǹpútà. Ó pẹ́. Màmá Tíṣà fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, Abẹ́rẹ́ fọwọ́ kàn án lórúnkún lẹ́ẹ̀mẹta.

"Gbogbo rẹ̀ bọ́ sí ọlidé," ni akọ̀wé wí. "Àfi ọ̀kan, oṣù kẹta ọdún kejì."

"Mo ṣàìsàn," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Mo wálé ọ̀sẹ̀ kan."

"Ìbàdí ẹ tiẹ̀ lọ sílẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́." Ó tún wo ìwé náà. "Kí ni 'f.à.s.' yìí? Ó wà lẹ́yìn gbogbo ìlà."

"Fi àyè sílẹ̀. Ó máa ń fi aṣọ kún ojú rírán nínú, bóyá mo máa sanra."

Akọ̀wé ti ìwé náà pa pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó dìde, ó lọ ya ẹ̀dà ojú ìwé mẹ́ta náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn. Ẹ̀rọ náà ń tàn, ó ń kú. Abẹ́rẹ́ ń wo ìmọ́lẹ̀ náà. Nǹkan kan gbéra láyà rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò sín mọ́, ó sì lọ.

"Mi ò ṣèlérí o," ni akọ̀wé wí bó ṣe dá ìwé náà padà fún wọn. "Ìgbìmọ̀ èèyàn mẹ́ta ló ń pinnu. Àmọ́ èmi ni mo máa gbé e wọlé sí wọn."

Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, ìdáhùn dé. Ìlà kan ṣoṣo ni: ìgbìmọ̀ gbà pé ọmọ ìpínlẹ̀ yìí ni, kí wọ́n gbé fáìlì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù. Abẹ́rẹ́ tẹ bàbá rẹ̀ láago, nítorí ó yẹ. Oníyìnyín ní àwọn agbowó-orí ti pe òun, wọ́n ti sọ iye tí òun máa san padà àti iye ìtanràn, òun á máa san án díẹ̀díẹ̀. "Ẹnu mi ló purọ́, àpò mi ló ń san án," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.  Kò sẹ́ni tó gbé fóònù sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń gbọ́ bí fìríìjì kan ṣe ń kùn lẹ́yìn bàbá rẹ̀.

"Ṣé kí n máa pè ẹ́?" ó bi í.

"Ẹ lè máa pè mí lọ́jọ́ Sọ́ńdè," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Mi kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn."

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n sì ti gbà á. Kì í ṣe nínú ìwé orúkọ àkọ́kọ́ o, ìkejì ni, òun sì ni ẹni kẹta láti ìsàlẹ̀. Ilé ìdáná ló wà nígbà tó rí i, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọṣẹ. Ó kà á fún Màmá Tíṣà. Màmá Tíṣà bú sẹ́kún, ẹkún tó pariwo, ẹkún tí obìnrin náà ti ń tọ́jú láti ọjọ́ ìsìnkú nítorí pé kò fẹ́ sun ún níwájú ọmọ tí kò sunkún. Ó ń pe àbúrò rẹ̀ lórúkọ, ó ń pè é ní orúkọ ìgbà èwe rẹ̀ tí Abẹ́rẹ́ kò gbọ́ rí.

Abẹ́rẹ́ nu ọwọ́, ó fa àga, ó jókòó tì í, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ojú tirẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹkún náà rọlẹ̀, ó ṣàkíyèsí pé ebi ń pa òun, ebi gidi, tí kò pa á bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

"Màmá," ó wí, "kí la ní nílé?"

Màmá Tíṣà fọn imú. Ó ní ẹyin wà. Ó dìde lọ dín in, mẹ́rin, Abẹ́rẹ́ sì jẹ mẹ́ta níbẹ̀.